Ohun tí o kà ò bá iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ mu? Bí o ṣe máa wáṣẹ́ l'Ékòó rèé

Kẹ́mísírì ni mo kà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi ń jẹun, ní Ṣómólú, níbi tó jẹ́ pé bí ilé kan ò bá tẹ káàdì ìgbéyàwó, á jẹ́ pé bébà ni wọ́n ń gé níbẹ̀ tàbí ìwé ni wọ́n ń dì. Èmi ni mo ń bójú tó iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé wa, èmi náà ni mo ń gba òṣìṣẹ́ wọlé. Bí àwọn àgùnbánirọ̀ bá ti jáde ní àgọ́ Ìyànà-Ìpájà báyìí, ìwé wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn tó ti sìnlú tán náà ń bọ̀. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo ẹ̀rọ bí ẹni pé ó fẹ́ gé wọn jẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Àǹtí, ohun tí mo kà ò jọ èyí rárá o, mà."

Mo ti fi ẹnu sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí títí ó fi sú mi, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí n máa fi ránṣẹ́ sí wọn.

Kọ́kọ́ bọ́ ìtìjú sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ yan ohun tá a kà. Ìmọ̀ apòògùn ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Máàkì mi ò tó, yunifásítì ní tí mo bá ṣì fẹ́ wọlé, Kẹ́mísírì ló kù nílẹ̀. Mo gbà á. Ẹni tó fẹ́ di dókítà ń ka Sùwọ́lọ́jì, ẹni tó fẹ́ ka òfin bá ara rẹ̀ nínú Fìlọ́sọ́fì. Ohun tí èèyàn ò yàn, báwo ló ṣe wá di dandan kó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe é?

Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. L'Amẹ́ríkà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè yí ohun tó ń kà padà láàárín ọ̀nà, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì ní Federal Reserve Bank ti New York yẹ àkọsílẹ̀ ìjọba ọdún 2010 wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó gboyè àkọ́kọ́, nǹkan bí 27 péré ni iṣẹ́ wọn bá ohun tí wọ́n kà mu tààrà. Àwa ńkọ́, tí JAMB àti yunifásítì jọ ń yan nǹkan fún?

Ẹni tó bá fẹ́ àpẹẹrẹ ilé, Fẹlá wà níbẹ̀. Ní 1958, wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Trinity College of Music ló gbà lọ. Falz náà, ojúlówó agbẹjọ́rò ni, orin ló ń kọ. Mi ò ní kó o lọ kọrin o. Àwọn tó ń kọrin l'Ékòó ti tó wa.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, àti èyí tí wọ́n kàn pa dé

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí òfin so mọ́ ìwé-ẹ̀rí. O ò lè fi ọgbọ́n orí di dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn. Agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gboyè nínú òfin, kó tún lọ sí Law School, tí ọ̀kan nínú ọgbà wọn wà ní Victoria Island níbí, kó tó lè dúró níwájú adájọ́. Iṣẹ́ ẹnjiníà náà ní COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ọdún 1970. Bó bá jẹ́ irú èyí ni ọkàn rẹ ń fà sí, padà sílé-ìwé tàbí kó o gbàgbé rẹ̀. Àárín méjì ló ń jẹ ọjọ́ orí èèyàn.

Èyí tí wọ́n kàn pa dé ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣeé wá. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965, kì í bi ọ́ bóyá Accounting lo kà. Ẹni tó bá ti ní dìgírì tàbí HND nínú ohunkóhun lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n máa ń yọ àwọn bébà kan kúrò fún ẹni tó ka Accounting, ìwọ á sì jókòó ṣe èyí tó pọ̀. Akọ̀wé owó wa, Geography ló kà. Iṣẹ́ tíṣà náà ò jìnnà sí èyí. Tí o bá ti ní dìgírì, PGDE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn dìgírì, lo máa lọ fi kún un kí o lè gba ìwé-àṣẹ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀. CIPM, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdánwò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wà fún ẹni tó bá fẹ́ máa bójú tó òṣìṣẹ́.

Gbayawu ni ìyókù. Ọjà títà, ìbánigbófò, kíkó ẹrù jáde ní Àpápá, ètò kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ rédíò, tiwa yìí náà. Wọlé sí báńkì èyíkéyìí ní Marina tàbí Broad Street kó o béèrè ohun tí ẹni tó ń kàwó fún ọ kà, wàá gbọ́ Bọ́tánì, wàá gbọ́ Ẹ̀kọ́ Ìtàn. Àmọ́ kíyè sí ohun kan: ọ̀pọ̀ báńkì ló máa ń fi ọjọ́ orí dí àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ báńkì lò ń lé, má lọ jókòó ka MSc nítorí pé ilé sú ọ. Wàá jáde, wọ́n á ní o ti dàgbà jù.

Tú ìwé rẹ palẹ̀

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Mú bébà kan kó o jókòó. Má kọ orúkọ kọ́ọ̀sì sí i, ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe ni kó o kọ. Kí lo wọ̀n? Kí lo kà? Ta lo lọ bẹ̀ kó o tó rí irinṣẹ́ yá? Àwọn wo lo pín ìwé ìbéèrè fún, àwọn wo ló dá a padà, kí lo ṣe fún àwọn tí kò dá a padà? Nígbà tí iná lọ nínú lábú, báwo lo ṣe ṣe é? Bó o bá sì wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ta ló ń tọ́jú owó, báwo lẹ ṣe pín ráìsì lọ́jọ́ àpèjẹ ìparí tí kò fi dìjà? Mi ò fi ṣeré. Ẹni tó lè pín ráìsì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa láìsí ìjà, mo lè fi ẹrù oníbàárà rán an.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi, Microbiology ló kà. Ó ti ń tọrọ àforíjì kó tó jókòó.

"Kí lo fi ṣe próójẹ́ẹ̀tì?"

"Omi inú ọ̀rá ni, mà."

"Níbo lo ti rí omi ọ̀hún?"

"Mo ń rà á káàkiri Bàrígà àti Akọ́kà, mà. Màá kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí mo ti rà á, ọjọ́ tí mo rà á."

"Tí nọ́ńbà bá pa rẹ́ ńkọ́?"

"Mo ní ìwé kan tí mo tún kọ gbogbo ẹ̀ sí, mà. Èyí tí kò bá ti bára mu, mo máa ń dà á nù ni."

Yàrá bébà ni mo fi í sí. Ibẹ̀ ni owó ilé ìtẹ̀wé máa ń gbà jò. Rímù kan, bébà 500 ni. Ẹlẹ́rọ á fa díẹ̀ yọ láti fi dán àwọ̀ wò, ẹnì kan á mú díẹ̀ láti fi nu ọwọ́, ẹlòmíràn á gé tirẹ̀ lọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Tó bá di ìparí oṣù, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí bébà wọlé sí. Ọmọ yìí lẹ nọ́ńbà mọ́ gbogbo ìdì. Ó ya gíráàmù wọn, ìyẹn bí bébà ṣe wúwo sí, sọ́tọ̀, 80 níbí, 135 lọ́hùn-ún, 300 tí a fi ń ṣe káàdì lórí pẹpẹ. Ó wá so bírò mọ́ ìwé kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kò sẹ́ni tó máa mú ewé kan láìfọwọ́ sí i. Àwọn ẹlẹ́rọ sọ ọ́ ní "Kọ́sítọ́ọ̀mù". Kò dá wọn lóhùn. Ohun tó ṣe nínú omi ọ̀rá náà ló ń ṣe: nọ́ńbà, ọjọ́, ibi tó ti wá. Kò kọ ọ̀kankan nínú èyí sínú CV rẹ̀. "Ability to work under pressure" ló kọ síbẹ̀, bí gbogbo ayé.

Tèmi, omi ẹ̀rọ ló mú un jáde. Ẹ̀rọ ọfúsẹ́ẹ̀tì tí a fi ń tẹ̀wé, orí pé òróró àti omi kì í pò ló dúró lé. Pléètì rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà lójú rẹ̀ á gba yíǹkì, ibi tó ṣófo á gba omi, omi yẹn ni kì í jẹ́ kí yíǹkì tàn dé ibi funfun. Nígbà kan, kàlẹ́ńdà ìjọ kan ń jáde pẹ̀lú èérí, bí ìgbà tí ọmọdé fọwọ́ yíǹkì pa á lójú. Ẹlẹ́rọ wa, bàbá tó ti ń tẹ̀wé kí n tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pààrọ̀ bláńkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà inú ẹ̀rọ tó ń gbé yíǹkì sórí bébà, ó fọ rólà, ó bú ẹni tó ta yíǹkì fún wa. Èmi tí wọ́n gbà pé kí n máa gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ni mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, omi wo lẹ lò?" Omi kànga-dẹ̀rọ tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ni. Mo ní bébà pH díẹ̀, èyí tí a fi ń wọn bí omi ṣe kan sí, tó kù sínú báàgì mi láti ilé-ìwé, mo tì í bọ omi náà. Ó yẹ kó wà láàárín 4.5 sí 5.5. Ó ti lé ní 7. Bí omi yẹn ò bá ní kíkan díẹ̀ nínú, gọ́ọ̀mù inú oògùn tí a ń pò mọ́ ọn kì í dì mọ́ pléètì dáadáa, yíǹkì á sì ráyè ìrìnkurìn. A da omi náà nù, a po oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ pẹ̀lú omi mìíràn, ojú kàlẹ́ńdà mọ́. Bàbá ò sọ nǹkan kan títí di ọ̀sán. Nígbà tó yá ó na ọwọ́ sí mi láti ìdí ẹ̀rọ: "Àǹtí Kẹ́mísírì, ẹ wá wo èyí náà." Láti ìgbà náà ni n kò ti jókòó sídìí àpótí owó mọ́.

Ẹni tó ka Yorùbá náà ní àyè lọ́dọ̀ wa, òun ló ń yẹ ìwé wò kó tó lọ sórí ẹ̀rọ. Ìwé orin ìjọ àti ìwé ètò ìsìnkú pọ̀ nínú iṣẹ́ wa, ẹbí olóògbé kì í sì í foríjin ilé ìtẹ̀wé tó bá ba oríkì bàbá wọn jẹ́.

Bó o bá ṣì wà nílé-ìwé tàbí tí ò ń sìnlú

Má fi IT rẹ, ìyẹn àwọn oṣù tí ilé-ìwé ní kó o lọ kọ́ṣẹ́ níta, ṣeré. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti gbé ètò náà, tí wọ́n ń pè ní SIWES, kalẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ibi fọwọ́ kan iṣẹ́. Àwọn kan á wá bá mi pé kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n máa lọ sílé. N kì í fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀ka rẹ bá gbà fún ọ, lọ ṣe é níbi tí o rò pé o lè jẹun lọ́la.

Àwọn àgùnbánirọ̀, ilé-ìwé ni wọ́n máa ń gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Kò burú. 77,000 náírà tí ìjọba ń san lóṣù ò lè gba yàrá tó dáa l'Ékòó, àmọ́ ó lè wọkọ̀. Bí ilé-ìwé bá ti jáde lọ́sàn-án, lọ dúró ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí o fẹ́. Má tíì béèrè owó. Wò ó, kó o sì bi í ní ìbéèrè.

Ẹsẹ̀ ni kó o fi wá a

Orí íntánẹ́ẹ̀tì dáa, èmi náà máa ń lẹ ìkéde síbẹ̀ nígbà míì. Ṣùgbọ́n ìwé tó máa ń wọlé látibẹ̀ pọ̀ débi pé ojú á ṣú èèyàn, ẹni tó bá sì wọlé tọ̀ mí wá ní tiẹ̀, mo á kúkú rí ojú rẹ̀. Ékòó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí àdúgbò àdúgbò, o lè fi òwúrọ̀ kan wo ogún ilé iṣẹ́ láìwọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà àti fóònù wà ní Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti kó ara wọn jọ sí Yábàá, yí ká Co-Creation Hub ní Herbert Macaulay. Ohun èlò ọkọ̀, Ládípọ̀. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti fíríìjì, Aláàbà l'Ójòó. Ẹrù ojú omi, Àpápá. Ìwé, ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tí o máa sọ níbẹ̀ ṣe pàtàkì ju aṣọ tí o wọ̀ lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wáṣẹ́" ti pọ̀ jù létí wa. Béèrè pé: "Kí ló ń dá iṣẹ́ yín dúró jù?" Oníṣòwò Èkó ò lè gbọ́ ìbéèrè yìí kó má dáhùn. Á ṣàròyé fún ọ: iná, oníbàárà tí kì í sanwó, ọmọ iṣẹ́ tó ń pẹ́ dé, ẹrù tó ń sọnù. Fetí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó ń kà yẹn á bá ohun tí o kọ sórí bébà rẹ mu. Ìyẹn ni kó o padà wá bá a sọ lọ́jọ́ kejì. CV tí o máa mú dání, ojú ewé kan tó. Ohun tí o ṣe ni kó ṣáájú, ibi tí o ti kàwé lè wà nísàlẹ̀.

Àwọn ibi kan wà tí o ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kàn. Bí o bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé kí o wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi tí o ò ti béèrè iṣẹ́, má wulẹ̀ sanwó ọkọ̀. Wàá débẹ̀, wàá bá àga tí wọ́n tò bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ́mọkùnrin oníkóòtù á máa pariwo pé ìwọ náà lè di mílíọ́nà bí o bá lè ra ọjà, kó o sì mú èèyàn wá. Ẹni tó bá sì ní kó o san owó fọ́ọ̀mù kó tó bá ọ wáṣẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni o ń sanwó rẹ̀ yẹn.

Owó, àti àwọn tó wà nílé

Ẹni tí kò ka iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n dán òun wò. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bójú mu, kí wọ́n sì fún ọ lówó ọkọ̀. Bó bá ti ń di oṣù méjì tí wọ́n ṣì ń sọ pé ò ń kọ́ṣẹ́, tí ìwọ lò ń ṣílé, tí ìwọ lò ń tì í, wọ́n ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Béèrè ọjọ́ tí owó máa bẹ̀rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wà nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn ìwé rísíìtì ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ràn ohun tí o kà, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gbé ọ kúrò níbẹ̀. Ṣáà gba iṣẹ́ tó sún mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ka Kẹ́mísírì bẹ̀rẹ̀ nípa títa ọ̀dà fún ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Nígbà tí ẹni tó wà ní lábú wọn lọ, òun ni wọ́n mọ̀ ní tòsí.

Àwọn òbí wá ńkọ́? Ìyá mi ń ta ata l'Ójúwòyè ní Múṣin. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mo ń lọ láràárọ̀, ó ní, "Ṣé torí kó o lè máa tẹ káàdì ni mo ṣe fi orí ru apẹ̀rẹ̀?" N ò bá a jiyàn. Àlàyé ò wọ ìyá tó ti sanwó ilé-ìwé létí. Nígbà tí ẹgbẹ́ aláta wọn fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọdọọdún, mo bá wọn tẹ áàmánáàkì, mo sì fi fọ́tò ìyá mi sí àárín, ó tóbi díẹ̀ ju ti ìyálọ́jà lọ. Ìyálọ́jà bínú. Ìyá mi ò bi mí léèrè nípa Kẹ́mísírì mọ́. Wá ọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ fi lè wọ ọjà wọn tàbí ṣọ́ọ̀ṣì wọn tàbí mọ́sálásí wọn. Wọ́n á máa fi ọwọ́ ara wọn júwe rẹ fún èèyàn.

Bó bá wá jẹ́ Ṣómólú lo ń bọ̀, oṣù kẹsàn-án ni kó o wá. Iṣẹ́ kàlẹ́ńdà àti áàmánáàkì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nígbà náà, ọwọ́ ò sì ní tó. Ní oṣù kejìlá, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí ò ń sọ nínú ariwo ẹ̀rọ, bó bá sì di oṣù kìíní, bébà tó ṣẹ́ kù là ń kà. Láti Ìkòròdú, BRT á já ọ sí Onípanu, wàá fẹsẹ̀ rìn wọlé. Wọ aṣọ tó ṣú, yíǹkì kì í bọ́ lára funfun. Má béèrè ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, nítorí gbogbo ọ̀gá ló máa ń ní kò sáyè. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ni kó o béèrè.